Integration time: ṣé bó bá ṣe gùn tó ni èsì á ṣe péye tó?

Ìbéèrè, láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, a máa ń yẹ sáyánáìdì wò nínú gàrí àti fùláwà ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú spectrometer kékeré, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. 100 ms ni integration time rẹ̀, àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún kíkà kan, wà látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ fùláwà lẹ́yìn ilé ní páńẹ́lì tí wọ́n kọ "I = 120" sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àgọ́-Ìwòyè ń fi sọ́fítíwíà GROMACS ṣe simulation (àfarawé ìrìn molecule lórí kọ̀ǹpútà) linamarin, èròjà ẹ̀gẹ́ tó ń tú sáyánáìdì sílẹ̀, nínú omi; 0.002 ló fi dt, ìṣísẹ̀ àkókò rẹ̀, sí. Ọ̀gá kan wá sọ pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn, pé ká kàn máa fi kún un, torí bó bá ṣe gùn tó ni èsì á ṣe péye tó. Ṣé òótọ́ ni? Mélòó gan-an ló yẹ?

* * *

Rárá o. "Ẹ fi kún un" á ràn yín lọ́wọ́ lórí spectrometer títí dé ààyè kan. Lórí páńẹ́lì ẹ̀rọ ìgbẹ, ó lè sọ integral ("I" yẹn, apá tó ń kó àṣìṣe ìgbóná jọ kó lè tún un ṣe) di aláìlágbára. Nínú GROMACS, ó lè tú gbogbo iṣẹ́ náà ká láàárín ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà kankan kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ kí ẹ yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ló ń sọ ti spectrometer. Bí ẹ̀rọ ìgbẹ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dáhùn ló ń sọ ti controller, ohun tó ń darí ìgbóná lórí páńẹ́lì. Ohun tó ń gbọ̀n yára jù lọ nínú molecule ló ń sọ ti simulation.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti sáyánáìdì ni mo máa pẹ́ sí, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ èèyàn wà.

* * *

Spectrometer

Ẹ rántí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ: 100 mg àpẹẹrẹ nínú ìgò kékeré, omi 0.5 ml, bébà tó ní enzyme, bébà picrate, tó ń yí àwọ̀ bí sáyánáìdì bá kàn án, lókè, ẹ dé ìgò náà pa, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 16 sí 24 ní nǹkan bí 30 °C. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bébà picrate, ẹ rì í sínú omi 5 ml fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ ka absorbance rẹ̀, ìwọ̀n bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, ní 510 nm. Ẹ fi 396 sọ ọ́ di púpọ̀, mg/kg yọ.

Nọ́ńbà 396 yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò dé òpin. Codex, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ, ní kí sáyánáìdì fùláwà ẹ̀gẹ́ má kọjá 10 mg/kg, kí ti gàrí má kọjá 2 mg/kg. Ẹ pín in padà: 10 mg/kg jẹ́ absorbance 0.025 péré, 2 mg/kg sì jẹ́ 0.005. Bí kíkà ẹ̀rọ yín bá ń mì lọ mì bọ̀ ní 0.005, a jẹ́ pé gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n fi àyè gbà fún gàrí ni ariwo ẹ̀rọ ń gbé mì. Ẹ kò lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ pé gàrí ẹnikẹ́ni dára tàbí kò dára.

Níbo ni ariwo yẹn ti ń wá? Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti inú ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ wá. Ká ní detector yín, ojú tí ẹ̀rọ fi ń gba ìmọ́lẹ̀, gba electron 50,000 nínú kíkà kan. Square root rẹ̀ ni ariwo, ìyẹn bíi 224, tó jẹ́ 0.45%. Lójú absorbance, ó tó 0.0019. Àpẹẹrẹ ní tirẹ̀, blank (bébà tí kò rí àpẹẹrẹ kankan) náà ní tirẹ̀; tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ó di 0.0027, ìyẹn 1.1 mg/kg. Kíkà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó nìyẹn, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà wọ́n tó. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún ìgbà, kí ẹ kó wọn jọ kí ẹ sì pín àpapọ̀ wọn sí ọgọ́rùn-ún: ariwo á já sí ìdá mẹ́wàá, bíi 0.1 mg/kg. Ìgbà yẹn ni a tó lè máa sọ̀rọ̀ nípa 2.

Bí ẹ ṣe máa gbé integration time kalẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí iná lámpù gbóná fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ gbé blank sí i. Ẹ máa fi kún àkókò títí ibi tó ga jù nínú spectrum fi dé 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Lórí ẹ̀rọ 16-bit tí òpin rẹ̀ jẹ́ 65,535, ìyẹn bíi 52,000 sí 59,000. Ẹ má wo 510 nm nìkan o. Lámpù halogen mọ́lẹ̀ ní apá pupa ju apá aláwọ̀ búlúù lọ. Bí apá pupa bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, lórí àwọn detector kan ó máa ń ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí 510 bá ṣì kéré nígbà tí pupa ti fẹ́ kún, ẹ wá gíláàsì búlúù fi síwájú lámpù, kí ẹ tún fi kún àkókò.

Dark (kíkà láìsí ìmọ́lẹ̀), blank àti àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ àkókò kan náà. Bí ẹ bá yí 100 ms padà sí 300 ms lẹ́yìn tí ẹ ti ka dark, ẹ tún dark kà. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá kú lọ́sàn-án, ẹ tún un kà: ohun tí detector ń kà nínú òkùnkùn máa ń di ìlọ́po méjì bí ooru rẹ̀ bá fi bíi 6 sí 8 °C lé sí i.

* * *

Ẹnìkan fèsì pé dípò kíkà 1 s ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ lo 10 ms, kí ẹ kàn kó ọgọ́rùn-ún kíkà jọ; ìmọ́lẹ̀ kan náà ni lójú tirẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo kan náà. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ka detector ló ń fi ariwo tirẹ̀ kún un. Ká ní electron 50 ni ariwo kíkà, tí 1 s á sì fún yín ní 50,000. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún 1 s: 224 pẹ̀lú 50, àpapọ̀ rẹ̀ bíi 229. Ọgọ́rùn-ún kíkà 10 ms: ti ìmọ́lẹ̀ ṣì jẹ́ 224, ṣùgbọ́n ti kíkà ti di 500, àpapọ̀ rẹ̀ bíi 548. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí detector fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kó kíkà jọ. Bí 10 ms bá ti gbé yín dé 50,000 tẹ́lẹ̀, ẹni tó fèsì yẹn jàre pátápátá.

Ààlà wà fún kíkójọ náà. Lámpù kì í dúró sójú kan. Tí ẹ bá lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àpẹẹrẹ kan láì padà sórí blank, ìyípadà lámpù á borí gbogbo èrè tí ẹ jẹ. Blank, àpẹẹrẹ mẹ́ta, blank: bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa tò ó.

* * *

Ìbéèrè iná mànàmáná tí ẹnìkan gbé wá láti Ṣágámù, pé ṣé iná yàrá àti ti jẹnẹrétọ̀ lè mú kíkà máa mì, dára gan-an. Iná tiwa jẹ́ 50 Hz, yíyí kan jẹ́ 20 ms. Gílóòbù tó ń tàn lórí orùlé ń ṣẹ́jú ní 100 Hz. Bí integration time bá jẹ́ ìlọ́po 20 ms, ṣíṣẹ́jú iná yẹn máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́: 20, 40, 100, 200. 25 tàbí 35 ms ni yóò máa mì. Òfin kan náà ló wà lórí mítà oníná tí wọ́n kọ NPLC (iye yíyí iná tó fi ń ka nǹkan) sí: 1 níbẹ̀ jẹ́ 20 ms lọ́dọ̀ tiwa.

Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú 50. Ẹrù tó bá gbé ló ń sọ iyára rẹ̀. Bó bá ń sáré ní 52 Hz, yíyí kan di 19.2 ms, 20 ms yín kò sì bá a mu mọ́. Ẹ lọ sókè sí 200 ms tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ohun tó ṣẹ́ kù lè kéré lára àpapọ̀. Tàbí kí ẹ lo inverter. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fi aṣọ dúdú bo ibi tí àpẹẹrẹ wà kí iná yàrá má lè wọlé rárá.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti wá yà sórí gàrí fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé gàrí Ìjẹ̀bú kò nílò àyẹ̀wò, torí ó máa ń pẹ́ nínú àpò kó tó di yíyan, kíkan rẹ̀ sì tó ẹ̀rí.

Mi ò gbà. Kíkan ń sọ fún wa pé ẹ̀gẹ́ ti pẹ́ nínú àpò, kò sọ iye sáyánáìdì tó ṣẹ́ kù. Rínrin ló ń ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù: ó ń fọ́ ara ẹ̀gẹ́ kí enzyme linamarase lè bá linamarin pàdé. Fífún omi rẹ̀ kúrò ń kó èyí tó yòrò lọ. Yíyan ń lé ìyókù lọ, torí hydrogen cyanide ń hó ní nǹkan bí 26 °C. Ẹni tó rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kúnná, tó fún un dáadáa, tó sì yan án gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dára. Ẹni tó ń sá eré ọjà, tó fún ẹ̀gẹ́ ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan tó sì ti ń yan án lówúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Ìjẹ̀bú bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wọ̀n ón.

Èyí tó sì gbé wa padà sórí ìbéèrè ni pé kì í ṣe gbogbo ariwo ni integration time lè wò sàn. Bébà picrate kan kò rí bí èkejì. Bí bébà blank mẹ́ta bá fún yín ní 0.002, 0.006 àti 0.004, ẹ̀gbẹ̀rún kíkà kò lè sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹ ṣe blank mẹ́ta ó kéré tán ní gbogbo ìgbà. Fún gàrí tó ń sún mọ́ 2 mg/kg, cuvette 4 cm dípò 1 cm á sọ absorbance di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ rántí pín in sí mẹ́rin kí ẹ tó lo 396. Owó cuvette yẹn wúlò ju owó ẹ̀rọ tuntun lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, picric acid, tí wọ́n fi ń ṣe bébà picrate, lè bú gbàmù bó bá gbẹ. Ẹ jẹ́ kó máa wà nínú omi nígbà gbogbo, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ sí ẹnu ìgò.

* * *

Páńẹ́lì ẹ̀rọ ìgbẹ

Ẹnjiníà kan láti Ìkẹ́nnẹ́ kọ̀wé pé 120 ti lágbára jù, kí ẹ dín in kù sí 60. Òmíràn ní kí ẹ gbé e sí 240. Kò sí ẹni tó lè dá ẹjọ́ náà láìmọ ohun tí 120 dúró fún lórí controller yẹn. Lórí àwọn kan, àáyá ni: integral time. Bó bá kéré ni integral ń lágbára, bó bá pọ̀ ni ó ń rọ̀. Lórí àwọn mìíràn, ìṣẹ́jú ni. Lórí àwọn kan sì rèé, iye ìgbà tí integral ń tún iṣẹ́ proportional (P, apá tó ń dáhùn sí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀) ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan ni. Níbẹ̀, bó bá pọ̀ ni ó ń lágbára. Lórí ọ̀pọ̀ controller kékeré, 0 túmọ̀ sí pé ẹ ti pa integral.

Bí ìwé ẹ̀rọ bá ti sọnù, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ yọ okùn tó lọ sí bọ́nà. Ẹ pa derivative (D). Ẹ gbé setpoint, ìgbóná tí ẹ fẹ́ kó dé, kúrò lójú ìgbóná tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 5 °C ti tó, ẹ má sì jẹ́ kó yí padà. Output á fò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ká ní 10%: proportional nìyẹn. Lẹ́yìn náà á máa gùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi aago ka àkókò tó gbà á láti fi 10% mìíràn lé e. Àkókò yẹn ni integral time, ohun yòówù kí wọ́n kọ sójú páńẹ́lì.

Ẹ wá lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìgbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fi controller sí manual, kí ìgbóná atẹ́gùn tó ń jáde dúró jẹ́ẹ́, ẹ gbé output láti 40% lọ sí 50%, kí ẹ sì máa kọ ìgbóná sílẹ̀ ní gbogbo àáyá márùn-ún. Ká ní nǹkan kan ò yí padà fún 20 s, lẹ́yìn náà ìgbóná gun òkè láti 90 lọ dúró sí 102 °C, tí ó sì dé 63% ìrìn yẹn ní 150 s lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gain jẹ́ 1.2 °C fún 1%. Òfin SIMC ti Skogestad fún yíyan nọ́ńbà controller, tí a bá yan kí ìdáhùn yára tó 20 s náà, ní kí proportional gain jẹ́ 150 ÷ (1.2 × 40), bíi 3.1% fún 1 °C; 20 s ìpẹ́ pẹ̀lú 20 s ìdáhùn ni 40 yẹn. Integral time ni èyí tó bá kéré nínú 150 s àti 4 × 40 = 160 s. Nítorí náà, 150 s. Lórí ẹ̀rọ ìgbẹ bẹ́ẹ̀, 120 kò burú jù. 20 á mú kí ìgbóná máa gòkè sọ̀kalẹ̀. 900 á jẹ́ kó pẹ́ gan-an kó tó padà sójú setpoint.

Àwọn kan fẹ́ràn òfin Ziegler–Nichols ti 1942. Ó wúlò láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ pọ̀ fún iṣẹ́ ìgbẹ: ó máa ń jẹ́ kí ìgbóná fò kọjá, fùláwà kì í sì í padà funfun lẹ́yìn tó bá ti pọ́n.

Ohun kan wà tí mi ò rí ẹni tó mẹ́nu bà. Bí ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ kan sí i tó ń kó kíkà 30 s jọ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ ti fi bíi ìdajì àkókò yẹn, 15 s, kún ìpẹ́ ẹ̀rọ. 20 s di 35 s. Gain tí ẹ lè lò já láti 3.1 sí 1.8. Bí kíkà ṣe ń dán mọ́rán lójú páńẹ́lì ni ìkóso ń lọ́ra. Ẹni tó ń wọn nǹkan nínú yàrá àyẹ̀wò lè ní sùúrù; controller kò lè ní i.

Ìbéèrè tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, pé kí ló dé tí ìgbóná máa ń fò sókè gan-an ní àárọ̀: windup ni. Ẹ̀rọ tutù, ẹ̀gẹ́ tutù, bọ́nà ti ṣí tán, síbẹ̀ integral ń kà á lọ bí gbèsè tó ń gorí gbèsè. Nígbà tí ìgbóná bá dé ojú setpoint, gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀ láti san, bọ́nà kò sì ní padà sẹ́yìn títí tó fi san án tán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní manual títí ìgbóná fi ku bíi 10 °C. Ẹ rí i pé òpin output lórí controller bá òpin fáàfù mu: bí fáàfù bá ti ṣí tán ní 80% tí controller ṣì ń lọ sí 100%, anti-windup rẹ̀ kò lè mọ̀.

* * *

GROMACS

Fún ọ̀rẹ́ ti Àgọ́-Ìwòyè: 0.002 níbẹ̀ jẹ́ picosecond, ìyẹn 2 fs. Time step nìyẹn, ìṣísẹ̀ kan. Ìdè O–H àti C–H ló ń gbọ̀n yára jù. Gbígbọ̀n kan C–H ní 3,000 cm⁻¹ jẹ́ bíi 11 fs, ti O–H kò sì tó 10. Ọ̀nà Verlet, tí Verlet gbé jáde fún irú simulation yìí ní 1967, máa ń fọ́ bí ìṣísẹ̀ bá ju bíi ìdá mẹ́ta gbígbọ̀n yẹn lọ, ó sì ti ń ṣe àṣìṣe gidi ṣáájú ìgbà yẹn. Ìdá mẹ́wàá ni ká máa lò: 1 fs. Láti lo 2 fs, ẹ di àwọn ìdè hydrogen pẹ̀lú LINCS, ọ̀nà inú GROMACS tí kì í jẹ́ kí gígùn ìdè yí padà, constraints = h-bonds. Láti dé 4 fs, ẹ gbé díẹ̀ nínú ìwúwo átọ́ọ̀mù ńlá lé hydrogen tó dì mọ́ ọn, kó tó bíi 3 u. Ẹni tó kàn kọ 0.004 láìṣe èyí, ìkìlọ̀ LINCS ni yóò máa kà títí iṣẹ́ fi máa kú.

Ẹni tó ní kí gbogbo èèyàn máa lo 0.5 fs kó lè fọkàn balẹ̀ kò ro iná tó máa jó. 100 ns ní 2 fs jẹ́ ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù 50, ní 0.5 fs, ó di mílíọ̀nù 200. Ẹ fi iná yẹn ṣe simulation mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó jèrè jù. Láti mọ̀ bóyá ìṣísẹ̀ dára, ẹ ṣe NVE (simulation tí agbára kò wọ inú rẹ̀ tàbí jáde) kúkúrú ní 2 fs àti 1 fs: bí ìṣísẹ̀ bá dín sí ìdajì, kí mímì agbára àpapọ̀ já sí ìdá mẹ́rin. Bí kò bá já bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo cutoff tàbí tolerance, kì í ṣe dt.

Thermostat Nosé–Hoover, ohun tó ń di ìgbóná simulation mú, jẹ́ ìbátan gidi sí páńẹ́lì ẹ̀yìn ilé: integral nìkan ló ní, kò ní proportional. Ìdí nìyẹn tí ìgbóná fi máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà sí 300 K. Ẹ lo v-rescale, thermostat mìíràn, kí ohun gbogbo kọ́kọ́ rọlẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sórí Nosé–Hoover.

* * *

Ìbéèrè ìkẹyìn látọ̀dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀: bí òun bá yí I padà, ìgbà wo ni òun á tó mọ̀ bóyá ó dára?

Àbúrò, má yí nǹkan méjì pa pọ̀. Yí ọ̀kan, gbé setpoint sókè 3 °C, kí o sì dúró tó ìlọ́po mẹ́rin integral time. Fún 150 s, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn. Kọ àkókò, I, P, ìgbóná tó ga jù àti ìwọ̀n omi inú fùláwà tó jáde sínú ìwé. Bí ẹ̀gẹ́ tó ń wọlé bá yí padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, fagi lé kíkà náà kí o tún un ṣe.